Omi ìrèké mi dúdú kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí ni mo ṣe?

Ìyá Fèyí, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o. Oṣù tó kọjá ni mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ìrèké, èyí tó ní irin róbótó mẹ́ta, tí jẹnẹrétọ̀ ń yí. Ọwọ́ màálàm kan ní Bódìjà ni mo ti ń ra ìrèké ní ìdì-ìdì.

Wọ́n ní kí n gbé ọgọ́rùn-ún ìgò wá síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sátidé. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti dìde. Bó ṣe ń dà jáde, àwọ̀ ẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, inú mi dùn. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí kúlà ní aago mọ́kànlá, ó ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ gbé ìgò kan sókè, ó ní, "Ìyá, ṣé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lẹ gbé wá fún wa ni?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìrèké tí wọ́n bó sínú àwo, tí wọ́n fẹ́ fi wúre fọ́mọ, funfun nini níwájú wọn, tèmi wá dà bí omi ẹrẹ̀.

Mi ò bu omi sí i, mi ò fi ṣúgà sí i. Ṣé kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń fi sí i lókè òkun ni?

Àlàmú, São Paulo
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Kò sí kẹ́míkà kankan. Pípẹ́ tó pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ fún un ló fà á. Ṣé ẹ mọ bí iṣu tá a bó sílẹ̀ ṣe máa ń dúdú tí afẹ́fẹ́ bá kàn án? Ohun kan náà ni.

Garapa ni wọ́n ń pè é níbí ní Brazil. Obìnrin tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọjà àdúgbò wa kì í fún un sílẹ̀ de oníbàárà. Tó o bá dúró níwájú ẹ̀ ló máa tó ki ìrèké bọ ẹnu ẹ̀rọ. Tí èyí tó ti fún bá jáde lẹ́yìn, á ká a sí méjì, á ki ọsàn wẹ́wẹ́ sáàárín ẹ̀, á tún tì í wọlé. Kíkan ọsàn yẹn ló ń fawọ́ dúdú sẹ́yìn díẹ̀. Pastel gbígbóná, ìyẹn bíi míìtípáì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, ni wọ́n fi ń mu ún. Mo gbé ìgò kan lọ sílé rí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ọjọ́ kejì, ó ti ń kan, ó ń hó.

Ẹ fọ ìrèké yẹn dáadáa o, kẹ́ ẹ sì fọ irin ẹ̀rọ. Ní 2005, àwọn kan mu garapa létí títì ní ìpínlẹ̀ Santa Catarina níbí, wọ́n kó àrùn Chagas, àwọn kan kú. Kòkòrò tó ń gbé àrùn yẹn ni wọ́n lọ̀ mọ́ ìrèké.

Ọmọ Álíífáà, Ìlọrin
Mo kàwé ní Cairo. Asab la máa ń pè é níbẹ̀, ife onídìgí ńlá ni, ìfófó á wà lórí ẹ̀. Orí ìdúró lèmi ti máa ń mu tèmi, màá dá ife padà, màá sì máa lọ. Wọn kì í fi ọsàn sí tèmi, mi ò sì fẹ́ ẹ.

Ní Pakistan, ìjọba béèrè lórí Twitter ní 2019 pé kí ni kó jẹ́ ohun mímu orílẹ̀-èdè: ọsàn, kárọ́ọ̀tì, àbí ìrèké? Ìrèké ló wọlé. Tó bá jẹ́ tiwa, sóbò ni mo máa dìbò fún.

Ìyá Fèyí, Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí, ife méjì lórí tábìlì. Èyí tí mi ò fi nǹkan sí ti ń ṣú kí n tó gbálẹ̀ tán. Èyí tí mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ṣì ń dán, àfi pé Fèyí ti mu ún kí n tó lè rí ibi tó máa parí sí.

Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ gan-an ni mo máa gbé lọ. Ibi tí mo máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí, tí alága ìdúró ò fi ní lé mi jáde, ni mo ṣì ń rò.