TRCN yìí ńkọ́? B.Sc. ni mo ní o, ilé-ìwé wa ní ká mú nọ́ńbà wá

TíṣàKẹ́mísírì_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣàánú ẹ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ n sùn dáadáa. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì, B.Sc. ni, kì í ṣe B.Sc. Ed. tí wọ́n fi iṣẹ́ tíṣà kún, mo sin ìjọba tán, mo wáṣẹ́ wáṣẹ́ n ò rí, ni mo bá wọ ilé-ìwé àdáni kan níbí n'Ìbàdàn, mo lérò pé màá kàn fi gbéra díẹ̀ ni, àmọ́ iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lára. Ọmọ tó ń sá fún kẹ́mísírì ní SS1 tó wá di ẹni tó ń ṣàlàyé mole fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní SS2, ayọ̀ yẹn ò ṣeé fowó rà.

Ọ̀gá wa wá pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní tí a bá wọlé ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, ẹni tí ò bá ti ní nọ́ńbà TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, kó má wulẹ̀ yọjú, pé ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ilé-ìwé wò. Wọ́n ti ń yọ lára owó oṣù wa, wọ́n ní àwọn á bá wa fi forúkọ sílẹ̀, títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí a ò rí rìsíìtì, a ò rí fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tíṣà ìjọba tó jáde kọjá náà, ibi tí wọ́n ti béèrè TRCN ló ti há mọ́ mi lọ́wọ́, kò jẹ́ n lọ síwájú. Ṣé lóòótọ́ ni B.Sc. mi ò tó? Ṣé PGDE, dìpúlómà iṣẹ́ tíṣà fún ẹni tó ti ní dìgírì, ni kí n lọ ṣe ni àbí kí n jókòó ṣe ìdánwò TRCN yẹn tààrà? Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé òun mọ ẹni tó lè bá mi gbà á láìṣèdánwò.

Ẹ̀kejì, àbúrò mi obìnrin fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, iṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ ṣe, ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé àwọn ọmọ tí etí wọn ò gbọ́ràn lòun fẹ́ máa kọ́ nítorí ọmọ àǹtí wa kan. Màmá wa ní yunifásítì ni kó lọ, pé ta ló tún ń ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, láyé ìsinsìnyí. Òun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ lòun fẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti ń fúnni ní dìgírì báyìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáTíṣà

Ọmọ mi, o ṣé iṣẹ́, Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san. Má gbé e lé àyà rárá.

Òfin TRCN yìí kì í ṣe tuntun, láti 1993 ló ti wà, òfin nọ́ńbà 31 ti ọdún yẹn. Kò sì yọ ilé-ìwé àdáni sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń pe ara ẹ̀ ní tíṣà ló kàn. Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀, Grade Two, ìwé ẹ̀rí tíṣà ayé àtijọ́, làwọn púpọ̀ nínú wa fi ń kọ́ ọmọ pírámárì, nígbà tó di 1998 ni wọ́n mú un le pé NCE ni ìwé tó kéré jù tí èèyàn lè fi wọ kíláàsì. Tẹ́lẹ̀, tóo bá ti ní ìwé tíṣà, wàá kàn kó o lọ, wọ́n á forúkọ ẹ sílẹ̀, ó parí. 2017 ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní PQE yìí bẹ̀rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n wá dájọ́ pé tó bá fi máa di 31 Oṣù Kejìlá 2019, ẹni tí ò bá kájú òṣùwọ̀n kó kúrò ní kíláàsì. Ọjọ́ náà kọjá, ọ̀pọ̀ wà níbi tí wọ́n wà, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi rò pé ariwo lásán ni, àmọ́ ìwọ náà ti rí i báyìí, ojú fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń fi gba èèyàn mú.

B.Sc. rẹ tó fún ìmọ̀ kẹ́mísírì, kò tó fún ìwé tíṣà. Ìdánwò tààrà tóo ń sọ yẹn ò ní bọ́ sí i fún ẹ, wọ́n á béèrè ìwé tó fi hàn pé o kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Lọ ṣe PGDE. NTI ń ṣe é, National Teachers' Institute tó fìdí kalẹ̀ sí Kaduna láti 1976, wọ́n ní ibùdó káàkiri, NOUN, National Open University, náà ń ṣe é, àwọn yunifásítì tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ń ṣe é, wà á sì lè máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ. Tóo bá ti gbà á, ìpele C lo máa bọ́ sí pẹ̀lú àwọn tó ní B.Ed.; D ni ti àwọn NCE, B ni ti Másítà, A ni ti PhD.

Ẹni tó ní òun á bá ẹ gbà á láìṣèdánwò yẹn, sá fún un bí ìgbà tóo rí ejò. Nọ́ńbà yìí ṣeé yẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá wò ó tí wọn ò bá orúkọ ẹ níbẹ̀, ìwọ ni wọ́n á mú, wọn ò ní mú òun. Ti owó tí wọ́n ń yọ náà, kí gbogbo yín pawọ́ pọ̀ lọ bá ọ̀gá yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ẹ ní ẹ fẹ́ rí rìsíìtì. Orúkọ tíṣà ló ń wà lórí ìforúkọsílẹ̀, tíṣà ló ni ín, tóo bá kúrò níbẹ̀ lọ́la wàá mú un dání lọ ni.

Adéṣọlá_N

Ẹ̀yin bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ èyí tó wà nínú mi. Ta ló fẹ́ san gbogbo owó yìí? Owó PGDE wà níbẹ̀, owó ìdánwò wà níbẹ̀, láísẹ́ǹsì fúnra ẹ̀ máa ń parí tèèyàn á tún un gbà, gbogbo ẹ̀ látinú owó oṣù tíṣà ilé-ìwé àdáni tí kò tó ra ìrẹsì àpò kan fún ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí tíṣà ṣe nǹkan, òfin á jáde. Tó bá kan kí wọ́n ṣe fún tíṣà, ìlérí ló máa ń jẹ́. 2021 ni wọ́n kéde pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní yunifásítì ìjọba á máa gba ₦75,000 ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn NCE máa gba ₦50,000. Mélòó nínú yín ló mọ ẹni tó gbà á? Lọ́dún 2022 wọ́n sún ọdún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí 65, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó dáa, àmọ́ tíṣà tí wọ́n ní kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣé kì í jẹun ni?

Mo sì ti rí tíṣà tó ní láísẹ́ǹsì tí kò lè ṣàlàyé fraction. Ìwé ò sọ èèyàn di tíṣà.

Olùkọ́Àwọnolùkọ́

@Adéṣọlá_N, ti owó yẹn, mo wà lẹ́yìn ẹ gbọingbọin, ilé-ìwé tó bá ní kí tíṣà òun gba ìwé yẹ kó bá a dá sí i, kì í ṣe kó tún yọ lára owó ẹ̀. Ibi tí mo ti ya ọ̀nà ni ìwé ò sọ èèyàn di tíṣà yẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni mo wà, èmi ni mo máa ń lọ wo àwọn ọmọ wa níbi TP, ìgbà tí wọ́n ń fi kíláàsì kọ́ṣẹ́ tíṣà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Ọmọ kan á dúró síwájú, ó gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, á kọ̀wé kún pátákó, á yíjú padà, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni sà!" Á tẹ̀ síwájú. Mo ní kó dúró. Mo bi àwọn ọmọ SS1 yẹn pé tí omi bá ń hó lórí iná, àwọn nǹkan róbótó tó ń ru sókè láti ìdí ìkòkò yẹn, kí ló wà nínú wọn? Ọ̀pọ̀ ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn tó mọ̀wé jù nínú wọn ní ọ́síjìn àti háídírójìn ni, nítorí wọ́n ti há a sórí pé nǹkan méjèèjì yẹn ló di omi. Ẹyọ kan péré, ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ ta oúnjẹ, ló sọ pé omi náà ni, pé òun máa ń rí i tó máa ń sẹ̀ sí abẹ́ ọmọrí. Ọmọ yẹn ti ní ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́, tíṣà wa ò mọ bí òun á ṣe béèrè kó tó lè jáde. Ohun tí wọ́n ń kọ́ nìyẹn: bí èèyàn ṣe ń béèrè, bó ṣe ń gbọ́ àṣìṣe ọmọ kó mọ ibi tó ti wá. Àwọn kan á kọ́ ọ fúnra wọn lẹ́nu iṣẹ́, mo gbà, àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fi kọ́ ọ fún ọdún mélòó kan yẹn, ta ló máa dá tiwọn padà?

Ọ̀rọ̀ àbúrò ẹ wá. Òótọ́ ni, òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2023 ló fún wọn láṣẹ láti máa ṣe NCE, kí wọ́n tún máa ṣe dìgírì tiwọn. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ yunifásítì kan ni wọ́n máa ń sá sí, bí Adéyẹmí ti Oǹdó ṣe wà lábẹ́ OAU kí òun náà tó di yunifásítì. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ wo bí àwọn yunifásítì ẹ̀kọ́ ṣe ń tò lọ: TASUED ní Ìjagun láti 2005, ìjọba àpapọ̀ ti gbà á báyìí, BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́ ní 2020, LASUED ní Èkó ní 2022 tí wọ́n fi kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀tọ̀-Ìjànikin àti ti Nofòríjà kó jọ, Emmanuel Aláyandé ní Ọ̀yọ́ lọ́dún yẹn náà. Inú mi dùn sí i, inú mi ò sì dùn tán. Ta ló kù tó ń kọ́ tíṣà pírámárì? Bí gbogbo wa bá di yunifásítì, a ó máa wá ọ̀jọ̀gbọ́n, a ó máa wá búlọ́ọ̀kù tuntun, tíṣà pírámárì kíńní á di ohun tí kò sẹ́ni tó ń rò. Lọ́dún 2025, JAMB ní 150 ni máàkì tó kéré jù fún yunifásítì, 100 ni fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Ohun tí ìjọba ń sọ fún àwọn ọmọ nìyẹn, pé ibi téèyàn ń lọ nígbà tí ibòmíì bá kọ̀ ọ́ la wà, lẹ́yìn náà wọ́n á tún máa ṣòfin pé kí tíṣà tó dáńtọ́ wọ kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kó lọ sí Ọ̀yọ́ tó fẹ́. FCE Special yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ, iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ò gbọ́ràn, àwọn tí ò ríran, gangan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kò wọ́pọ̀. Tó bá ṣe NCE ọdún mẹ́ta tán tó bá fẹ́ dìgírì, á gba dáírẹ́ẹ̀tì ẹ́ńtìrì wọlé sí 200 level. Ẹ bá màmá sọ̀rọ̀.

Leeds_Àmọ̀tẹ́kùn

Ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ fi èyí kún un nítorí kẹ́mísírì tí arákùnrin yìí ń kọ́. Láti 1 Oṣù Kejì 2023 ni England ti fi Nàìjíríà sí ara àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí tíṣà wọn lè béèrè fún QTS, ìwé ẹ̀rí tíṣà ti England, láìtún lọ kàwé tíṣà níbí. Ti Nàìjíríà, tíṣà ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè òkèèrè tó lè kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n ń gbà. Wọ́n máa béèrè dìgírì, ìwé iṣẹ́ tíṣà, ìrírí lẹ́nu iṣẹ́, àti lẹ́tà látọ̀dọ̀ TRCN pé ọwọ́ ẹ mọ́. Ẹni tí ò forúkọ sílẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí lẹ́tà? Fífi orúkọ sílẹ̀ fún QTS ò gba kọ́bọ̀, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Kì í sì í ṣe físà o, iṣẹ́ àti físà lọ́tọ̀.

ÈdèYorùbá_Tíṣà

Ẹ rántí àwa tó ń kọ́ Yorùbá náà. 2022 ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo pírámárì, Oṣù Kọkànlá 2025 ni mínísítà fagi lé e. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, n ò rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan ládùúgbò mi tó jókòó kọ́ tíṣà bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá kọ́ ìṣirò. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ pírámárì n'Ífẹ̀ ní 1970, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, wọ́n kọ́ àwọn tíṣà, ó sì ṣiṣẹ́. Ó ń dùn mí.

TíṣàKẹ́mísírì_Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Màmá ti ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́Àwọnolùkọ́ lórí fóònù mi, wọn ò tíì fọhùn, àmọ́ wọ́n bi mí pé níbo ni Ọ̀yọ́ yẹn wà sí Ìbàdàn, mo mọ̀ pé wọ́n ti ń rò ó. Mo máa lọ béèrè fọ́ọ̀mù PGDE lọ́sẹ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló kù: TP inú PGDE yẹn, ṣé mo lè ṣe é níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àbí mo ní láti fiṣẹ́ sílẹ̀?

Olùkọ́Àwọnolùkọ́

Ọ̀pọ̀ ibùdó máa ń gbà kó o ṣe é níbi tóo wà, béèrè lọ́wọ́ tìẹ kí o tó sanwó. Àmọ́ tí wọ́n bá fún ẹ láàyè láti yàn, lọ sí ilé-ìwé míì, ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, tí kò sí lábù. Kó lẹ́sìn nóòtù ẹ dání lójoojúmọ́, kí o sì kọ àwọn ìdáhùn òdì táwọn ọmọ bá fún ẹ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Tí olùyẹ̀wò bá dé, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ fi hàn án.