Èsì: “Ibùṣọ́” kọ́, ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní “ibùṣọ́” ni ká máa pe watchpoint lédè Yorùbá, ìyẹn ìṣọ́ tí a ń fi sí ibì kan nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà kí ètò lè dúró tí ohun tó wà níbẹ̀ bá yí padà, pé ọgbọ̀n ọdún tí àwọn fi kọ́ni ní Yorùbá ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbà.

“Ibù-” yẹn ló bà á jẹ́. Ibùsùn, ibi tí ẹni tó ń sùn wà ni. Ibùjókòó, ìdí ẹni tó ń jókòó ló wà lórí ẹ̀. Ibùṣọ́, nígbà náà, ibi tí ọdẹ gbé àga sí lẹ́nu géètì ni, kì í ṣe ilé tó ń ṣọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ọdẹ ibẹ̀ ni rẹ́jísítà mẹ́rin (àpò kékeré tó ń di nọ́ńbà mú nínú ọpọlọ ẹ̀rọ), DR0 títí dé DR3, tó ti wà nínú ẹ̀rọ Intel láti ìgbà tí 80386 ti jáde ní 1985. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni àyè kékeré nínú mẹ́mórì, tí kò lè ju báìtì 8 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá kọ “watch iye” sí GDB, irinṣẹ́ tí a fi ń wá kòkòrò, ìyẹn àṣìṣe, nínú ètò (debugger), “iye” ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣọ́. Àga ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n fi sọ ilé onílé lórúkọ.

Ẹ sì wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà wọn: “ibuso”. Kò sámì lórí, kò sámì nísàlẹ̀. Máìlì ni mo kà á sí! Mo ní, ibùsọ̀ mélòó ló wà láàárín fọ́nrán kan sí èkejì? (Fọ́nrán ni mo ń pe thread, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ètò kan ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.)

Ọ̀rọ̀ kan fọ́nrán náà. “Olówùú-púpọ̀” tí wọ́n pe ètò tó ní fọ́nrán púpọ̀, ẹ yọ àmì ohùn ẹ̀ kúrò kí ẹ kà á létí àwọn ará Òwu níbí ní Abẹ́òkúta. Olówu púpọ̀ kẹ̀? Ọba kan ṣoṣo ni wọ́n ní o.

Ìyá bàbá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ojú wọn fi di bàìbàì. Ìdì ni òwú lẹ́nu wọn. Ẹyọ kan tí wọ́n bá fà yọ, tí wọ́n fi itọ́ tọ́ ẹnu ẹ̀ kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́, fọ́nrán nìyẹn. Tí wọ́n bá rán alábẹ́rẹ́, wọn a fa fọ́nrán kọ̀ọ̀kan le, wọn a tún padà fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dẹ̀ lára wọn, ibẹ̀ ni aró máa gbà wọlé, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi tú aṣọ.

Ohun tí mo lọ dán wò gan-an nìyẹn. Lórí Linux, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dà rẹ́jísítà tirẹ̀, nítorí náà GDB gbọ́dọ̀ fi ọdẹ sí gbogbo wọn, àtèyí tí wọn kò tíì bí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nílé mi ní Ìbarà, mo kọ ètò kékeré kan: fọ́nrán méjì, tí àwọn méjèèjì ń fi oókan kún “iye”. Mo ti fi ìṣọ́ sí i kí ìkankan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀. GDB mú Thread 2, ó mú Thread 3, ó kọ iye àtijọ́, ó kọ tuntun. Mo wá pa ìṣọ́ ti inú irin, ti àwọn rẹ́jísítà yẹn, mo ní kí GDB fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣọ́ ọ. Ìgbésẹ̀ kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbésẹ̀ kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ro láfún, mo jẹ ẹ́ tán, wọn ò tíì débì kan. Ìwé GDB fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé lọ́nà yìí, ó lè má rí ohun tí fọ́nrán mìíràn bá ṣe.

Ẹni tó ní ká pè é ní “alóre”, ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, n kò jiyàn. Àmọ́ alóre ń rí ogun lókèèrè. Lórí ẹ̀rọ Intel, ìgbà tí wọ́n ti kọ iye tuntun síbẹ̀ tán ni ọdẹ tó ń ké. Olè ti wọ yàrá.

Orúkọ tí èmi fún watchpoint ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ “àṣọ́” lẹ́nu mi, bí àdìrẹ, ohun tí a dì tí a rẹ. Àbúrò wa ní Ṣàgámù fi mí rẹ́rìn-ín, pé láìsí àmì, aṣọ ni. Ó mú mi. Ohun tí èmi náà fi bá ẹ̀gbọ́n jà lókè nìyẹn. “Àfojúṣọ́” ni mo wá mú báyìí, bí àfojúsùn: ohun tí a fi ojú ṣọ́. Ìlú tí wọ́n ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859 ni mo ti ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan kò lè wọ́n wa.

Ní ti “apakòkòrò” tí ẹnì kan fẹ́ fi pe debugger: òògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó nìyẹn. GDB ò pa nǹkan kan rí. Ó ń fi kòkòrò hàn yín ni, ẹ̀yin lẹ máa pa á. N kò ní orúkọ tó sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n n kò ní pè é bẹ́ẹ̀.