Ẹ gbà mí o, kúpọ́ọ̀nù fẹ́ sọ mí di oníṣọ́ọ̀bù!

Àbẹ̀kẹ́ Houston béèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù kẹjọ rèé tí a dé Houston, èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn ṣì wà nínú ìlédìí. Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá wọn. Sátidé tó kọjá, 312 dọ́là ni mo ná. Mo délé, mo ṣí fíríìjì, mo tún ń wá ohun tí màá sè.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fi kúpọ́ọ̀nù hàn mí, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń dín owó ọjà kù fún oníbàárà. Ó ní tí òun bá ti tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ọjà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo kọ́bọ́ọ̀dù mi: ìgò mọ́sítáàdì mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́ nílé wa, páálí cereal mẹ́sàn-án tó jẹ́ kìkì ṣúgà, ọṣẹ ìfọbọ́ olóòórùn òdòdó tó ń mú bàbá wọn sín. Lálẹ́ àná ló bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé ṣọ́ọ̀bù lo fẹ́ ṣí ni?"

Èyí tó dùn mí jù rèé: ìwé ìpolówó ṣọ́ọ̀bù kan gbé itan adìyẹ sí 99 sẹ́ńtì fún páùn kan. Mo kó páùn mẹ́fà. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó, 2 dọ́là 49 sẹ́ńtì ni ẹ̀rọ ń kà fún páùn kọ̀ọ̀kan. Dípò 5.94, mo san 14.94. Ojú tì mí láti sọ̀rọ̀, èèyàn méje ló tò sẹ́yìn mi. Mo sanwó, mo lọ sunkún nínú mọ́tò.

Ní Bódìjà, mo mọ ọjà ná. Màá ṣe bí ẹni ń lọ, wọn á pè mí padà, wọn á tún fún mi lẹ́ẹ̀nì. Níhìn-ín, ta ni kí n bá dúnàá dúrà? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún kọkàndínlógún mi rèé ní Houston yìí, iná tó jó ọ ti jó mi rí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú 9 dọ́là yẹn. Padà wo ìwé ìpolówó náà, wàá rí lẹ́tà wínníwínní kan lábẹ́ 99 sẹ́ńtì: "with digital coupon". Iye yẹn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Àfi kí o ṣí áàpù ṣọ́ọ̀bù náà, kí o tẹ ibi tí wọ́n kọ "clip" sí kí o tó sanwó, kí o sì tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ nígbà tí wọ́n bá ń gbowó. Tí o ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́ rí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bí ẹsẹ̀ eèrà ni. Nígbà míì, wàá tún rí "limit 5" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: ìdì márùn-ún ló mọ, ẹ̀kẹfà di owó gidi.

Tí rìsíìtì bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e lọ síbi customer service, sọ fún wọn pé o ò tètè mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti dá owó padà fún mi bẹ́ẹ̀. Àwọn méje tó tò sẹ́yìn rẹ, ṣé àwọn ni yóò bá ọ san owó ilé?

Ó wá ku kúpọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀. Rò ó wò, ta ló ń ṣe é? Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta nǹkan inú páálí, inú ike àti inú ìgò ni. Ta ló fẹ́ ṣe kúpọ́ọ̀nù fún ata rodo? Kò sí ti iṣu, kò sí ti ẹ̀wà olóyin, mi ò sì tíì rí ti pọ̀nmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí. Ohun tó jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ kún tí ìkòkò rẹ ṣófo nìyẹn. Nǹkan mẹ́rin péré ni mò ń fi kúpọ́ọ̀nù rà: ìlédìí, ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìfọyín àti tíṣù. Nígbà tí àwọn ìbejì mi wà ní kékeré, mo máa ń dúró de ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ bá já owó ìlédìí lulẹ̀, màá wá fi kúpọ́ọ̀nù iléeṣẹ́ tó ṣe é lé e. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń gbà á bẹ́ẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù kan, ti iléeṣẹ́ kan, lórí ọjà kan náà. Àwọn míì ò gbà. Ṣáà béèrè.

Oúnjẹ tiwa, ìwé ìpolówó ọ̀sẹ̀ la fi ń rà á. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá níbí, Ọjọ́rú ni iye tuntun ń bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì kó tó parí. Tí mo bá fọ abọ́ tán lálẹ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń jókòó ti tábìlì ìdáná, ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń wò. Ibẹ̀ ni ọjà pọ́ọ́kú wà, kódà àwọn tí ṣọ́ọ̀bù ò jèrè lórí wọn rárá, torí wọ́n mọ̀ pé tí o bá ti wọlé tán, wàá ra mọ́sítáàdì. (Má bínú o.) Ojú ewé tó kù, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ iye àná tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ.

Báwo ni mo ṣe ń mọ iye àná? Mo ní ìwé kékeré kan, irú tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, epo pupa ti ta sí iwájú ẹ̀. Ogún nǹkan tí a ń jẹ nílé ló wà nínú ẹ̀, mo kọ iye tó kéré jù tí mo ti rà á rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Tí ti òní bá ju ti inú ìwé lọ, yíǹkì tó wù kí wọ́n fi kọ ọ́, màá kọjá. Kì í sì í ṣe iye orí ìgò ni mò ń kọ o, iye ounce kan ni, ìyẹn òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọjà níbí. Ó wà ní lẹ́tà kékeré lórí pátákó tó wà lára sẹ́ẹ̀fù. Lọ́jọ́ kan, òróró 48 ounce jẹ́ 3 dọ́là 84 sẹ́ńtì. Gálọ́ọ̀nù, tó jẹ́ 128 ounce, jẹ́ 11 dọ́là 52 sẹ́ńtì. Ẹni tó bá rí gálọ́ọ̀nù á sọ pé òun ló pọ̀, òun ni kóun gbé. Ṣùgbọ́n kékeré yẹn, sẹ́ńtì mẹ́jọ ni ounce ẹ̀. Ti ńlá jẹ́ mẹ́sàn-án.

Ní ti ẹran, èmi kì í sọ pé màlúù ni màá sè lọ́sẹ̀ yìí. Ìwé ìpolówó ló ń sọ fún mi. Tó bá jẹ́ adìyẹ ló wà níwájú, ọbẹ̀ adìyẹ la ó jẹ. Tàtàṣé náà rèé, nígbà tó bá wọ́n, tòmátì àti rodo ni mò ń lọ̀. Nígbà tó bá já, màá rà á rẹpẹtẹ, màá lọ̀ ọ́, màá sè é kí omi ẹ̀ gbẹ, màá dì í sínú ọ̀rá, ó di fíríìsà. Ọjà àwọn ará Mẹ́síkò ni kí o ti máa ra ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní àdúgbò tèmi, owó wọn kì í tó ìlàjì ti ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Ṣùgbọ́n má kó sí kòtò tí mo kó sí. Lọ́dún 2024, àwọn ṣọ́ọ̀bù já owó ẹran nítorí July 4, ọdún òmìnira wọn, tí gbogbo wọn ń yan ẹran níta. Inú mi dùn. Àpò adìyẹ mẹ́fà ni mo rà, páùn mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo tún fi ẹran ewúrẹ́ lé e. Fíríìsà inú gáráàjì ò fẹ́ pa dé, mo fi ìdí tì í. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, 8 July, ìjì Beryl dé. Iná lọ. Wọ́n ní fíríìsà tó bá kún lè mú un fún wákàtí 48 bí èèyàn ò bá ṣí i, a ò ṣí i lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni iná ò dé. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé sítóòfù gáàsì tí a fi ń ṣe àríyá síta, mo wá ń dín adìyẹ lójú oòrùn Texas, mo ń pín in fún gbogbo ará àdúgbò, títí kan ọkùnrin òdìkejì títì tí kì í kí wa tẹ́lẹ̀. Àpò mẹ́ta ló rí bẹ́ẹ̀ yọ. Mẹ́ta tó kù jẹrà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣàn gba abẹ́ mọ́tò. Gáráàjì yẹn rùn títí àwọn ọmọ fi padà sílé ìwé.

Látìgbà náà, bí oṣù kẹfà bá ti wọlé tí àsìkò ìjì bẹ̀rẹ̀, ẹran ọ̀sẹ̀ méjì ló pọ̀ jù nílé mi. Ó di òpin oṣù kọkànlá kí n tó kún fíríìsà. Ó sì bọ́ sí i gan-an, torí Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ wọn ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù náà, ni tòlótòló ń pọ́ọ́kú jù lọ láàárín ọdún. Mú èyí tó ti dì lọ bá àwọn tó ń gé ẹran nínú ṣọ́ọ̀bù, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ fi ayùn iná rẹ́ ẹ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà o. Àwọn tó bá gbà, ó ti di ẹran ọbẹ̀ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Denton dáhùn:

Ẹ kú làbárè, Ìyá Ìbejì. Àbò ọ̀rọ̀ ni tèmi o, torí èmi ò ní gáráàjì, ká má tíì sọ fíríìsà. Àwa mẹ́rin la jọ ń lo fíríìjì kan. Aldi ni mo ń lọ. Wọn kì í gba kúpọ́ọ̀nù iléeṣẹ́ kankan níbẹ̀, iye orí ọjà náà ni iye ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ mú kọ́ìnì 25 sẹ́ńtì dání o, òun lẹ máa fi tú kẹ̀kẹ́ ọjà. Tí ẹ bá dá kẹ̀kẹ́ padà, ẹ ó gba kọ́ìnì yín.

Ṣọ́ọ̀bù Kroger ni mò ń lọ tí mo bá ń wá epo mọ́tò. Dọ́là kan tí ẹ bá fi ra ọjà níbẹ̀, àmì kan. Tí àmì bá pé 100, wọ́n á yọ sẹ́ńtì mẹ́wàá lórí gálọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún "10 for $10" náà, ìyẹn mẹ́wàá fún dọ́là mẹ́wàá, àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ru yógọ́ọ̀tì mẹ́wàá wálé nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ yàrá mi ló sọ fún mi pé bí mo bá mú ẹyọ kan, dọ́là kan náà ni, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé dandan ni kó pé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ yógọ́ọ̀tì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Màmá Peckham dáhùn:

Bákan náà lọmọ ń ṣorí ní London. Tí ẹ ò bá ní Clubcard, káàdì oníbàárà wọn, lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Tesco, iye tó wọ́n lẹ máa san, adìyẹ kan náà, orí sẹ́ẹ̀fù kan náà. Tèmi ni sítíkà aláwọ̀ ìyeyè tó ń fi hàn pé wọ́n ti já owó ọjà. Lálẹ́, kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran àti búrẹ́dì tí ọjọ́ ẹ̀ ń lọ. Mo mọ aago tí ọmọbìnrin tó ń lẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa máa ń jáde. Àwa bíi mẹ́fà la máa ń rọra tẹ̀ lé e, a ó máa ṣe bí ẹni ń ka ẹ̀yìn páálí bisikíìtì.

Bàbá Onísùúrù dáhùn:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi máa ń lọ ṣọ́ọ̀bù kan nítorí ẹyin, òmíràn nítorí wàrà, ẹ̀kẹta nítorí ọsàn, gbogbo ẹ̀ lórí Beltway 8 tí wọ́n ti ń gba owó ojú ọ̀nà. Mo ṣírò epo àti owó ojú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo fi hàn án. Ó ní kí n máa lọ ra ọjà fúnra mi. Ìdí tí mo fi mọ ibi tí ẹyin wà báyìí nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Houston:

Ẹ ṣé gan-an ni o! Ìyá Ìbejì, mo lọ mà. Wọ́n yẹ rìsíìtì wò, wọ́n dá 9 dọ́là padà fún mi, wọn ò tiẹ̀ bi mí léèrè púpọ̀. Mo ti ra ìwé kékeré tèmi náà, nǹkan méje ló ti wà nínú ẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ọjọ́ tó wà lára àwọn nǹkan tó kún kọ́bọ́ọ̀dù mi ti ń sún mọ́lé. Ṣé kí n dà wọ́n nù ni?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Má dà á nù. "Best by" kì í ṣe ọjọ́ ikú, ó kàn ń sọ ìgbà tí adùn ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ni. Wàrà ọmọ ọwọ́ (infant formula) nìkan ni ìjọba àpapọ̀ níbí ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọjọ́ wà lára ẹ̀, ti ìyẹn, má fi ṣeré rárá. Mọ́sítáàdì ní tiẹ̀, po ṣíbí méjì mọ́ ata gígún, aáyù àti iyọ̀, fi pa itan adìyẹ lára, jẹ́ kó sùn mọ́jú kó o tó yan án. Bàbá wọn ò ní mọ̀ pé òun ni.

Àbẹ̀kẹ́ Houston:

Ìgò mẹ́ta tó kù ńkọ́ mà?

Ìyá Ìbejì:

Kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n cereal yẹn, fi í sílé.