Kí la ó máa pe désímà tí kì í tán?

Ẹnì kan ní ká máa pe 0.333…, ìyẹn 1/3, ní "désímà aláìlópin". Ẹlòmíì ní "désímà àtúnwí" ló dáa. Ti àkọ́kọ́ kò wọlé rárá. Páì (π, 3.14159…) náà kò lópin, síbẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ kì í yí po. Tá a bá ti fi orúkọ yẹn fún 1/3, kí la ó wá pe páì? "Olópin" fún 0.125, ìyẹn ò níjà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe désímà fúnra rẹ̀ ní "ìdámẹ́wàá". Owó ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo Èkó máa gbọ́.)

"Àtúnwí" sàn díẹ̀, àmọ́ àṣẹ́kù lohun tó ń padà wá gan-an. Ẹ pín 1 sí ọ̀nà 7, kẹ́ ẹ máa fi òdo kún 1 yẹn àti àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan. Méje nínú 10, ẹ̀ẹ̀kan, ó ku 3. Nínú 30, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ku 2. 20 ku 6, 60 ku 4, 40 ku 5, 50 ku 1. 1 tá a fi bẹ̀rẹ̀ ti dé padà, 142857 náà ni yóò sì tún jáde. Àṣẹ́kù tí 7 lè ní, yàtọ̀ sí òdo, kò ju mẹ́fà lọ. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà wá ṣáá ni.

"Ayípo" ni mo fara mọ́. Ẹ wo 1/6, ìyẹn 0.1666…. 1 yẹn ni ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà wọ rọ́ńdábáòtù: ẹ̀ẹ̀kan ló gbà á, 6 ló ń yí po. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi àmì tó ń tọ́ka sí ohun tó ń yí po sórí 1 àti 6 pọ̀ ti kọ 0.1616…, 16/99 nìyẹn.

Ẹ má fi ojú kakulétọ̀ dá orúkọ. Ó máa kọ 2/3 ní 0.6666666667, ọmọ á ní 7 ló parí ẹ̀. 1/17 sì ń kọ nọ́ńbà 16 kó tó yí po, ojú kakulétọ̀ onínọ́ńbà mẹ́wàá ò lè gbà á. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìdá ni kẹ́ ẹ wò: ẹ máa fi 2 tàbí 5 pín in títí tí kò fi ní ṣeé pín mọ́ láìní àṣẹ́kù. Tó bá di 1, olópin ni. Tó bá di ohun mìíràn, ayípo. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dín ìdá náà kù o, torí 6/15 jọ ayípo, 2/5 sì ni, 0.4.

Látinú "ayípo" náà la ti máa rí "ìyípo" fún 142857: ìyípo 1/7 gùn tó nọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ fi ti kejì dán an wò, "àtúnwí 1/7 jẹ́ mẹ́fà". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀ẹ̀mẹfà la wí i.