Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ́mọ lọ́mú rí, kí lojú yín rí?

Àbẹ̀kẹ́ Ẹdẹ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ìyá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi ni, gbogbo èèyàn ní tọ́mọ bá ti dé á kàn máa mu ọmú lọ ni, irọ́ pọ́ńbélé. Orí ọmú mi méjèèjì ti bó, tó bá ti ké báyìí àyà mi á kọ́kọ́ já. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá wẹ ọmọ ní omi ọmú mi ò tó, pé kí n jẹ́ káwọn rọ ọ́ lómi àti àgbo díẹ̀. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ó jọ pé orí ọmú nìkan ló ń fà. Nígbà tèmi eyín ni mo fi ń di ìrọ̀rí mú tí wọ́n bá ń mu. Nọ́ọ̀sì kan ló jókòó tì mí, ó ní kí n dúró kọ́mọ lanu gbàgà kí n tó fà á mọ́ra, kì í ṣe kí n máa bẹ̀rẹ̀ gbé ọmú lọ bá a. Ibi dúdú tó yí orí ọmú ká yẹn gbọ́dọ̀ wọlé dáadáa, àgbọ̀n ẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yọ síta. Tó bá ṣì ń dùn ẹ́, ti ìka kékeré bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kó fi sílẹ̀, kó o tún un bẹ̀rẹ̀. Má fà á já o! Tó bá mu tán, fún díẹ̀ síta, fi pa orí ọmú, jẹ́ kó gbẹ.

Bọ̀dá Tísà
Gbogbo wa la mu omi àtàgbo ní kékeré, ṣé a kú ni?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Àwọn tó kú ò lè wá kọ̀wé síbí, Bọ̀dá.

Mọ́mì Tèmi
😂😂😂 yéè

Nọ́ọ̀sì Lará
Ìyá Ìbejì ti parí ẹ̀. Nǹkan bí ìdá 88 nínú 100 omi ọmú, omi ni, ìdí nìyẹn tá a fi ń ní ọmú nìkan fún oṣù 6, kódà nígbà ooru. Tẹ́ ẹ bá fomi kún ikùn ọmọ kò ní fa ọmú mọ́, bí ò bá sì fà á, ọmú ò ní pèsè púpọ̀, ibẹ̀ ni "kò tó" ti ń di òótọ́. Àbẹ̀kẹ́, tó bá ti lé lọ́jọ́ 5 tó sì ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, tó ń sanra, ó ń yó. Àmọ́ tí ọmú bá le tó ń gbóná, tí ibà wá dé, ọsibítù ni o, má sì dá ọmú dúró.

Mọ́mì Tèmi
Ìyá tiwa ní wàrà àkọ́kọ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn ti bà jẹ́, kí n fún un dànù. Mo ní "ẹ ṣé mà". Wọ́n jáde, mo fọ́mọ mu.

Sẹ́gun Mokọ́lá
Ẹmu ló ń mú omi ọmú ya. Ìyàwó mi jẹ́rìí.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹ̀kọ gbígbóná là ń mu, èwo lẹmu? Ta ló tiẹ̀ mu ẹmu ọ̀hún, ìyàwó ẹ àbí ìwọ?

Sẹ́gun Mokọ́lá
A jọ mu ún ni 😅

Nọ́ọ̀sì Lará
Ọtí lẹmu o, kì í mú omi ọmú ya.

Àǹtí Kíláàsì
Tèmi ò ju iṣẹ́ lọ. Iléèwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ni, wọ́n ní kí n tètè padà, omi ọmú rin búláòsì mi níwájú bọ́ọ̀dù, ọmọ kan dìde ó ní "Àǹtí, omi ti dà sí yín lára." Ilé ìtọ̀ ni mo ti ń fún un sínú ike.

Nọ́ọ̀sì Lará
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi í síta ju wákàtí 4 lọ, nínú fíríìjì ó lè lo ọjọ́ 4.

Àǹtí Kíláàsì
Fíríìjì wo? Iná wo?

Sẹ́gun Mokọ́lá
Òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ń jẹ̀gbádùn o, líìfù ìbímọ oṣù 6 ni ìyá ń gbà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, láti 2014.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹni tó ń ta ata ní Bódìjà, ta ló fẹ́ fún un ní líìfù?

Bọ̀dá Tísà
Wọ́n tún fún bàbá lọ́jọ́ 10. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Mọ́mì Tèmi
Kó máa fọ ìlédìí.