Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó bá dá dúró nínú ìwé ló máa ń kú?

TíṣàKàbà
Ọ̀kun o ẹ̀yin èèyàn mi. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kan níbí ní Kàbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọbìnrin kan ní SS2 nawọ́ sókè, ó ní "Sà, kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ní òun ò bá àwọn yòókù lọ nínú ìwé tí à ń kà, ikú ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀?" Mi ò rí èsì fún un, torí òótọ́ ló sọ. Okonkwo nínú ìwé tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1958, ó bẹ́ ìránṣẹ́ òyìnbó lórí, ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan, ńṣe làwọn ará Umuofia ń bi ara wọn pé kí ló dé tó fi ṣe é, ló bá lọ pokùn so. Eman nínú The Strong Breed tí Ṣóyínká kọ, àlejò ni nílùú yẹn, wọ́n fẹ́ fi ọmọ kan tí ọpọlọ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé ru ẹ̀ṣẹ̀ ọdún dànù, ó ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ kí wọ́n mú òun, wọ́n sì pa á.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ò jẹ́ kí n sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo wà ní gáráàjì, wọ́n mú ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, wọ́n ní ó jí fóònù. Kí n tó mọ̀, èèyàn ti pé lé e lórí, wọ́n ti ya aṣọ mọ́ ọn lára, ẹnì kan ti ń pariwo pé kí wọ́n wá táyà. Èmi tí mò ń fi ìwé Ṣóyínká kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo di báàgì mi mú, ẹnu mi ò là. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ló fi agbada sílẹ̀ lórí iná, ó ti àwọn èèyàn sọ́tùn-ún sósì, ó jókòó ti ọmọ yẹn nílẹ̀, ó tú ìborùn ẹ̀, ó fi bò ó lórí. Ó ní tí wọ́n bá máa pa á, kí wọ́n pa òun náà mọ́ ọn. Àkàrà ń jóná lórí iná, a ń gbọ́ òórùn ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lọ gbé e kalẹ̀.

Ìyá yẹn ò kú o. Ṣé ìwé ń purọ́ fún wa ni, àbí orí ló kó ìyá náà yọ?

ỌmọYàgbà
Ọ̀kun Tíṣà. Ẹ̀gbẹ̀ ni mo ti wá, ẹ̀yin náà mọ ìtàn Titcombe, òyìnbó oníwàásù tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1908, òun ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Láyé ìgbà tó dé, wọ́n ń pa ìbejì ní Yàgbà. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dà bíi pé òyìnbó yẹn nìkan ló kojú gbogbo ìlú, mi ò sì ní gba iyì ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Màmá àgbà mi ò kì í sọ ọ́ báyẹn o. Wọ́n á ní òyìnbó lè wàásù títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ìyá ọmọ ò bá gbà láti fún méjèèjì lọ́yàn, ọ̀kan ò ní yè. Ẹ rò ó wò, obìnrin nínú agbo ilé, ìyá ọkọ ń wò ó, orogún ń wò ó, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀, ó pọn ọ̀kan, ó gbé ìkejì mọ́yà, ó ń lọ sódò láàárọ̀. Àwọn yẹn náà dá dúró, wọ́n ò kú, wọ́n tún bí òmíràn. Kò sẹ́ni tó fi orúkọ wọn sọ iléèwé ni.

Nọ́ọ̀sì_Lọ́kọ́ja
Tíṣà, ìtàn ìyá alákàrà yẹn mú mi rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa. Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Solomon Asch, ní 1951, ó kó àwọn èèyàn jọ sínú yàrá, ó fi ìlà kan hàn wọ́n, ó tún fi mẹ́ta mìíràn hàn wọ́n, kí wọ́n sọ èyí tó gùn tó ti àkọ́kọ́, ohun tí ọmọ kékeré máa mọ̀, àṣé gbogbo wọn ló ti bá a dì í tẹ́lẹ̀ àfi ẹnì kan, wọ́n á wá jọ sọ èyí tí kò tọ̀nà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí á fi kan ẹni yẹn. Nínú ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́ta ló tẹ̀lé wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ojú wọn rí i, ẹnu wọn sọ nǹkan míì! Ṣùgbọ́n nígbà tí Asch fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òótọ́ sáàárín wọn, àwọn tó ń tẹ̀lé irọ́ dín kù gan-an.

Mo rántí àwọn ọmọ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin tí èrò pé lé lórí, tí wọ́n pè lólè, tí wọ́n sì pa ní Aluu ní 5 October 2012. Èmi ò gbà pé gbogbo ẹni tó dúró síbẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n kú. Ẹni kejì ni wọn ò rí. Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ta ló kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn?

Ìyá_Ìjùmú
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ má sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹranko ṣá. Ọdún tí baálé mi kú, iṣu wà lóko, ọwọ́ mi ò ká a, àwọn tí a jọ ń ṣe àáró ló dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n wà á, wọ́n kó o wálé, mi ò pe ẹnì kankan nínú wọn. Mi ò lè gbàgbé.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó dá dúró ló jàre. Ẹfúnṣetán Aníwúrà nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, òun nìkan ló kojú Ìbàdàn, ìkà ló sì ń ṣe. Àmọ́ àwọn òpìtàn kan ní eré yẹn le jù fún obìnrin náà. Ní 1874 tí wọ́n pa á, Ààrẹ Látòósà ló wà nídìí ẹ̀, ọrọ̀ ìyálóde yẹn ń run ún nínú. Kí ọmọbìnrin yẹn máa bi ara ẹ̀ pé ta ló ṣẹ́ kù láti sọ ìtàn lẹ́yìn tí wọ́n pa ẹnì kan tán.

Akẹ́kọ̀ọ́Mopa
Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kú o. Henrik Ibsen, ará Norway, kọ eré kan ní 1882, dókítà kan rí i pé omi ìwẹ̀ tó ń mówó wọlé fún ìlú ti ní ìdọ̀tí àrùn, ó sọ ọ́, wọ́n pèpàdé, wọ́n dìbò pé ọ̀tá ìlú ni. Olóòótọ́ ìlú nìkà ìlú, àwa náà ti sọ ọ́. Wọ́n sọ òkò fọ́ fèrèsé ẹ̀, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun ò kúrò nílùú. Ibi tó ti dùn mí ni pé nípàdé yẹn ó bínú débi tó fi àwọn èèyàn wé ajá ìgboro. Ta ló máa tẹ̀lé e lẹ́yìn ìyẹn? Ṣé ìyá alákàrà bú wọn?

TíṣàKàbà
Rárá, kò bú ẹnì kankan. Orúkọ ló ń pè. Bó ṣe jókòó sílẹ̀ yẹn, ó ń na ọwọ́ epo sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ìwọ, èmi ni mo gbé ẹ pọ̀n nígbà tí ìyá ẹ ń ṣàìsàn. Ìwọ, o jẹ àkàrà mi láàárọ̀ yìí." Ẹni tó bá ti dárúkọ á wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ dá sí i. Ó gbé ọ̀kadà ẹ̀ wá síwájú wọn, ó fi sítáàǹdì sílẹ̀, ó ní "Màmá sọ òótọ́, ẹ jẹ́ ká mú u lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Ohùn ẹ̀ ò le rárá. Ẹni kẹta sọ̀rọ̀, ẹni kẹrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Mi ò mọ̀ dòní bóyá ọmọ yẹn jí fóònù náà.

Mo tún ṣí ìparí The Strong Breed lálẹ́ àná. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Eman, àwọn ará ìlú ò lè ṣépè tí wọ́n máa ń ṣẹ́ lé e lórí, wọ́n wolẹ̀, wọ́n lọ. Ibi tí mo máa kà fún wọn lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo máa sọ ti gáráàjì fún ọmọbìnrin yẹn, àti pé mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.