Báwo la ṣe lè béèrè àkọsílẹ̀ ìnáwó ọjà lọ́wọ́ káńsù?

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn ni mo ń wá o. Káńsù wa ti wó àwọn ìsọ̀ àtijọ́ tó wà láàárín ọjà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé alájà méjì síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ni màmá mi ń pàtẹ ẹ̀lùbọ́ sí báyìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò yéé wá. A ò mọ iye tí iṣẹ́ náà máa ná wọn, a ò mọ agbaṣẹ́ṣe, ohun tí à ń gbọ́ kò ju pé owó gọbọi ni ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ọ̀bù máa san. Aláta wo ló fẹ́ rí i san?

Mo mọ̀ pé láti 2011 ni òfin ti fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sì dájọ́ ní oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Lójú tèmi, àwáwí pé gómìnà ló di owó mú kò yẹ kó tà mọ́.

Ta ló ti kọ irú lẹ́tà yìí rí? Ṣé alága ni kí n kọ ọ́ sí? Ìyálọ́jà ní ká kọ́kọ́ lọ rí kábíyèsí, ẹ̀rù wàhálà ń bà wọ́n. Ṣé kí n dá fọwọ́ sí i ni, àbí kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà jọ fọwọ́ sí i? Tí wọn ò bá wá fèsì ńkọ́, ṣé ẹjọ́ ló kù?